Fíìmù Oppenheimer: kí ló dé tí ariwo fi pọ̀ tó báyìí lórí ìtàn onímọ̀ físíìsì kan?

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 2023, ni fíìmù Oppenheimer bọ́ sí sinimá káàkiri àgbáyé, Nàìjíríà náà ò sì gbẹ́yìn. Ariwo tó ń lọ lórí rẹ̀ nígbà náà pọ̀ ju ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ nípa rẹ̀ lọ. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, níbi tí LASU kó ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ náà di iyàn láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹnì kan ní ìtàn ìgbésí ayé Einstein ni. Ẹlòmíì ní fíìmù ogun Hitler ni. Ẹnì kẹta fi dá gbogbo wọn lójú pé olùdarí fíìmù náà yin bọ́ǹbù átọ́míìkì gidi nítorí pé kò fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe é. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn tí ò sí nídìí iyàn náà tiẹ̀ ń béèrè pé kí ló gbé bèbí aláṣọ pínkì dé inú ọ̀rọ̀ bọ́ǹbù.

Ta ni Oppenheimer gan-an?

J. Robert Oppenheimer lorúkọ rẹ̀. New York ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1904, sínú ìdílé Júù tó rí jájẹ. Jámánì ni bàbá rẹ̀ ti wá, okòwò aṣọ ló sì fi là. Robert kàwé ní Harvard, ó ré kọjá sí Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ní kó máa fọwọ́ ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí, iṣẹ́ náà ò sì bá a lára mu rárá. Ìgbà tó dé Göttingen ní Jámánì, lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Max Born, ló tó rí ibi tó bá a mu. Ìmọ̀ físíìsì tuntun tó ń tú àṣírí àwọn ohun tín-tìn-tín ń gbóná lọ́wọ́ níbẹ̀ nígbà náà, ìṣirò lórí pépà ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Kò tíì pé ọmọ ọdún 23 tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1927.

Nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, ó ń kọ́ni ní Berkeley àti Caltech, ní ìpínlẹ̀ California. Òun àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Hartland Snyder, fi ìṣirò hàn pé ìràwọ̀ ńlá tí iná inú rẹ̀ ti kú lè wó sínú ara rẹ̀ títí tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò fi ní lè jáde níbẹ̀ mọ́. Black hole ni wọ́n ń pe irú rẹ̀ lónìí. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939 ni iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ físíìsì, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Hitler kógun wọ Poland. Ta ló fẹ́ ráyè ìràwọ̀ lọ́jọ́ náà?

Kò gba ẹ̀bùn Nobel rí. Ohun tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni iṣẹ́ tí ọ̀gágun Leslie Groves gbé lé e lọ́wọ́ ní 1942, pé kó wá darí yàrá ìwádìí ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ sórí òkè ní Los Alamos, ìpínlẹ̀ New Mexico. Ibẹ̀ ni wọ́n ti to bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́. Gbogbo ètò náà, tí wọ́n sọ ní Manhattan Project, gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là ayé ìgbà náà. Àwọn òṣìṣẹ́ lé ní 100,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni ò sì mọ ohun tí wọ́n ń bá ìjọba ṣe.

Ṣé Einstein kọ́ ló ṣe bọ́ǹbù ni?

Òun kọ́. Ohun tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni lẹ́tà kan. Leo Szilard, onímọ̀ físíìsì ọmọ Hungary tó sá fún Hitler, ló wà nídìí lẹ́tà tí Einstein fọwọ́ sí lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1939, tí wọ́n fi kìlọ̀ fún Ààrẹ Roosevelt pé ó ṣeé ṣe kí Jámánì rọ irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ni Einstein mọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn aláàbò ìjọba Amẹ́ríkà ní àwọn ò lè gbà á láyè láti mọ àṣírí náà, torí ọwọ́ tó fi mú ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó wà nínú fíìmù yìí lóòótọ́, Tom Conti ló sì ń ṣe é, àmọ́ òun kọ́ ni wọ́n ń pìtàn rẹ̀.

Tí a bá tún ní Oppenheimer ló dá bọ́ǹbù náà ṣe, a ti sọ àsọdùn. Enrico Fermi àti àwọn èèyàn rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ mú kí iná átọ́míìkì máa jó fúnra rẹ̀ ní Chicago lọ́jọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1942. Hans Bethe ló ṣáájú àwọn tó ń ṣe ìṣirò ní Los Alamos. Iṣẹ́ Oppenheimer ni kó kó àwọn èèyàn wọ̀nyí jọ, àwọn tí kálukú wọn ka ara rẹ̀ sí ọ̀gá, kó sì jẹ́ kí iṣẹ́ jáde lọ́wọ́ wọn kí ogun tó parí.

Kí ló ń mú bọ́ǹbù náà bú gbàmù?

Ní ìparí ọdún 1938, Otto Hahn àti Fritz Strassmann ṣàkíyèsí ní Berlin pé tí ìpín kékeré tí wọ́n ń pè ní neutron bá bá uranium, ohun mìíràn tó fúyẹ́ jù ú lọ ló ń jáde. Wọn ò mọ bó ṣe jẹ́. Lise Meitner, tó ti ń bá Hahn ṣiṣẹ́ tipẹ́ kí ìjọba Hitler tó lé e kúrò nílùú, òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Otto Frisch, ni wọ́n ṣàlàyé rẹ̀: ọkàn átọ́ọ̀mù náà ló ń là sí méjì. Bó bá ṣe ń là, agbára ń jáde, neutron méjì tàbí mẹ́ta míì á sì tún fò jáde láti lọ la àwọn mìíràn.

Bí ìyá tó ń yan ẹja l'Ọjà Olúwo bá fi igi kan ṣoṣo sídìí àrò, kò ní pẹ́ kú. Tó bá kó igi jọ, ọ̀kan á máa ran èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni uranium rí: tó bá kéré, neutron á jáde dànù láìrí ohun tó máa bá, tó bá tó ìwọ̀n kan, ìlà-là náà á máa di ìlọ́po ìlọ́po, kí èèyàn tó ṣẹ́jú ó ti tán.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo uranium ló ń là báyẹn. Nínú 1,000 átọ́ọ̀mù uranium tí wọ́n bá wà jáde nínú ilẹ̀, nǹkan bíi 7 péré ló jẹ́ irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní U-235. Torí kí wọ́n lè ṣa 7 yẹn kúrò lára 993 yòókù ni wọ́n ṣe kọ́ ilé iṣẹ́ ràgàjì sí Oak Ridge, ní Tennessee. Ní Hanford, ní ìpínlẹ̀ Washington, wọ́n ń ṣe plutonium, ohun kejì tó lè là bẹ́ẹ̀. Bọ́ǹbù oní-uranium rọrùn dé ìwọ̀n kan: bí ìbọn ni wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n yin apá kan lu èkejì. Ti plutonium ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti to ohun abúgbàù mìíràn yí i ká, kí gbogbo rẹ̀ bú lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì fún plutonium tó wà láàárín mọ́ra pinpin. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé á ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àwọn dán an wò ná.

Ìdánwò yẹn ni wọ́n pè ní Trinity. Ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1945 ni, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ku ìṣẹ́jú kan, ní aṣálẹ̀ New Mexico. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹjọ, wọ́n ju bọ́ǹbù oní-uranium sí Hiroshima ní Japan. Lọ́jọ́ 9, wọ́n ju ti plutonium sí Nagasaki. Ìṣirò tí wọ́n sábà ń lò ni pé títí ọdún yẹn fi parí, nǹkan bíi 140,000 èèyàn ló ti kú ní Hiroshima, àti nǹkan bíi 70,000 ní Nagasaki.

Ẹ ti máa rí gbólóhùn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ní Oppenheimer sọ nígbà tí Trinity bú: "Mo ti di Ikú báyìí, apanirun àwọn ayé." Inú Bhagavad Gita, ìwé mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Hindu, ló ti wá. Ó mọ ìwé náà lóòótọ́, torí ó kọ́ èdè Sanskrit ní Berkeley. Àmọ́ orí tẹlifíṣọ̀n ní 1965, ogún ọdún lẹ́yìn ìdánwò náà, ló ti sọ pé ọ̀rọ̀ náà wá sí òun lọ́kàn. Frank àbúrò rẹ̀, tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ní ohun tó ṣeé ṣe kí àwọn sọ kò ju pé ó ṣiṣẹ́ lọ.

Kí ló wá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹjọ́?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ wò ó fara balẹ̀ sí. Ìbúgbàù ni gbogbo èèyàn ń retí, àmọ́ ẹjọ́ ló gbé fíìmù náà dúró. Orí ìwé American Prometheus ni wọ́n gbé e kà, ìwé tí Kai Bird àti Martin Sherwin kọ, tó jáde ní 2005, tó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Orúkọ Prometheus, ẹni tó jí iná lọ́dọ̀ àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì tí wọ́n sì fìyà jẹ ẹ́, ti jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n dorí ọ̀rọ̀ kọ. Cillian Murphy ni Oppenheimer. Ẹni tí Robert Downey Jr. ń ṣe, kì í ṣe sójà, kì í sì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Lewis Strauss ni, olówó tó di alága àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ogun. Olùdarí fíìmù náà, Christopher Nolan, ti ṣàlàyé pé ibi tó bá ní àwọ̀, ojú Oppenheimer la fi ń wò ó. Ibi tó bá di dúdú àti funfun, a ti bọ́ sí ọ̀nà míì nìyẹn, níbi tí Strauss ti ń sọ tirẹ̀.

Ìtàn náà rèé. Lẹ́yìn ogun, Oppenheimer di alága àwọn olùdámọ̀ràn àjọ náà. Ó ti kọ́kọ́ lọ bá Ààrẹ Truman ní oṣù Kẹwàá ọdún 1945, ó sì sọ fún un pé òun ń rí i bíi pé ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ òun. Inú bí Truman. Ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí òun tún rí ọkùnrin náà mọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1949, Soviet dán bọ́ǹbù átọ́míìkì tiwọn wò, jìnnìjìnnì sì bo Amẹ́ríkà. Strauss àti Edward Teller, onímọ̀ físíìsì kan, ní kí wọ́n tètè ṣe èyí tó tún le jù ú lọ, bọ́ǹbù haidirójìn. Ìgbìmọ̀ tí Oppenheimer ń darí dá a nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe é. Truman ò gbọ́ tiwọn. Lọ́jọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1950 ló pàṣẹ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni gbogbo ayé gbọ́ pé Klaus Fuchs, tó wà ní Los Alamos láàárín wọn, ti ń kó àṣírí fún Soviet látọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ Oppenheimer bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù rẹ̀ àtijọ́ wò. Láyé ọdún 1930 sí 1939, nígbà tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn Amẹ́ríkà tí Hitler sì ń gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló bá àwọn Kọ́múníìsì ṣe. Frank àbúrò Oppenheimer wọ ẹgbẹ́ náà. Kitty ìyàwó rẹ̀ ti wà níbẹ̀ rí, Jean Tatlock tó fẹ́ràn kí ó tó fẹ́ Kitty náà wà níbẹ̀. Oppenheimer ní òun ò ṣe ẹgbẹ́ náà rí, àwọn òpìtàn ṣì ń jà lé e lórí títí dòní. Èyí tó tún burú ni ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Haakon Chevalier, olùkọ́ èdè Faransé. Chevalier sọ fún un nígbà ogun pé ẹnì kan wà tó lè gbé àṣírí dé ọ̀dọ̀ Soviet. Oppenheimer ní ìwà ọ̀dàlẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tó oṣù mélòó kan kó tó fẹjọ́ náà sun àwọn aláàbò, nígbà tó sì máa sọ ọ́, irọ́ ló pa mọ́ ọn láti fi bo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Lóṣù Kọkànlá ọdún 1953, William Borden, tó ti bá àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ rí lórí ọ̀rọ̀ átọ́míìkì, kọ lẹ́tà sí FBI, àjọ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ Amẹ́ríkà, pé ó jọ pé amí Soviet ni Oppenheimer. Ààrẹ Eisenhower ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àṣírí ìjọba mọ́ ọn ná. Strauss ní ó lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, Oppenheimer ní ẹjọ́ lòun fẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjókòó lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1954. Kì í ṣe ilé ẹjọ́, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta ni, òfin ilé ẹjọ́ ò sì dè wọ́n. Agbẹjọ́rò ìjọba rí àwọn ìwé àṣírí tí agbẹjọ́rò Oppenheimer ò lẹ́tọ̀ọ́ sí. FBI tún ń tẹ́tí sí ohun tí òun àti agbẹjọ́rò rẹ̀ ń bá ara wọn sọ, wọ́n sì ń gbé e fún Strauss. Teller wá jẹ́rìí pé òun á fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ààbò ìlú wà lọ́wọ́ ẹni tí òun gbọ́ yé ju Oppenheimer lọ. Isidor Rabi, tó ti gba Nobel, gbè é gbágbágbá.

Méjì nínú mẹ́ta ní kí wọ́n má dá àṣẹ tó fi ń rí àṣírí ìjọba padà fún un. Ibi tó yani lẹ́nu nínú ìdájọ́ wọn ni pé wọ́n gbà pé kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹfà, àjọ átọ́míìkì náà fúnra rẹ̀ fi ìbò 4 sí 1 ti ìdájọ́ yẹn lẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ kan péré sí i, àṣẹ ọ̀hún ì bá ti tán fúnra rẹ̀.

Ìhà méjì ló wà tí àwọn èèyàn pín sí. Àwọn tó ń gbè Strauss ní ẹni tó bá parọ́ fún aláàbò lórí ọ̀rọ̀ amí, ì báà jẹ́ akọ̀wé kékeré, kò yẹ kó tún fojú kan àṣírí ìjọba, ẹni ńlá ò sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀. Àwọn tó ń gbè Oppenheimer ní ìjọba ti mọ gbogbo ìyẹn láti 1943 tí wọ́n sì gbé e mì nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó gbà wọ́n lórí bọ́ǹbù haidirójìn ni wọ́n ń fìyà rẹ̀ jẹ ẹ́. Ní 1959, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi Strauss ṣe mínísítà okòwò, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fi ìbò 49 sí 46 kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ Oppenheimer sì wà lára ohun tó bá a jà. Ní 1963, Ààrẹ Johnson fún Oppenheimer ní ẹ̀bùn Fermi. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ló pa á ní 1967, ní ọmọ ọdún 62. Àṣẹ yẹn ò padà sọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú. Oṣù Kejìlá ọdún 2022, oṣù méje péré kí fíìmù tó jáde, ni Jennifer Granholm, mínísítà ọ̀rọ̀ agbára ní Amẹ́ríkà nígbà náà, tó fagi lé ìdájọ́ náà, tó ní ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò tọ́.

Ṣé bọ́ǹbù gidi ni wọ́n yìn?

Rárá o. Nolan sọ pé òun ò lo àwòrán kọ̀ǹpútà láti fi ṣe ìbúgbàù Trinity, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe àwàdà títí tó fi di ìròyìn. Ohun abúgbàù tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń lò ni wọ́n yìn, wọ́n sì ya á lọ́nà tó fi máa tóbi lójú. Ìjọba Amẹ́ríkà gan-an ò tíì yin bọ́ǹbù átọ́míìkì fún ìdánwò láti 1992.

Ọ̀rọ̀ IMAX, sinimá tí ojú rẹ̀ tóbi ju ti ìyókù lọ, náà wà níbẹ̀. Téèpù fíìmù ńlá ni Nolan fi yà á, kì í ṣe ti dìjítà. Ẹ̀dà tó tóbi jù lọ nínú rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 18, ó sì wúwo ju 250 kílò lọ. Nígbà tó jáde, nǹkan bíi sinimá 30 ní gbogbo ayé ló ní ẹ̀rọ tó lè gbé irú téèpù yẹn. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Èkó lòun ti fẹ́ wò ó bí Nolan ṣe fẹ́ gan-an, ẹ rọra dá a lóhùn.

Kí ló kan Barbie?

Fíìmù bèbí aláṣọ pínkì ni Barbie. Ọjọ́ kan náà ni méjèèjì jáde, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn jẹ́ pé ìjà wà lábẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Nolan fi ń bá iléeṣẹ́ Warner Bros. ṣiṣẹ́. Ní ìparí 2020, nígbà Kòrónà, Warner ní gbogbo fíìmù àwọn ti 2021 á máa jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá dé sinimá. Nolan bínú, ó gbé Oppenheimer lọ bá Universal. Universal mú ọjọ́ 21 oṣù Keje. Lẹ́yìn náà ni Warner náà gbé Barbie sórí ọjọ́ yẹn. Ìyókù, àwọn ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì ló ṣe é: wọ́n so orúkọ méjèèjì pọ̀, wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n máa wo méjèèjì tẹ̀lé ara wọn.

Ohun kan tún bọ́ sí i lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà: àwọn òṣèré Amẹ́ríkà gùn lé ìyanṣẹ́lódì lọ́jọ́ 14. Àwọn òṣèré Oppenheimer jáde kúrò níbi àfihàn rẹ̀ ní London lálẹ́ ọjọ́ 13, wọn ò sì lè polówó rẹ̀ mọ́ títí ọ̀rọ̀ fi yanjú ní oṣù Kọkànlá ọdún náà.

Àwọn wo ni fíìmù náà ò dùn mọ́ nínú?

Ní Japan, fíìmù náà ò jáde lásìkò yẹn, oṣù Kẹta ọdún 2024 ló tó débẹ̀. Ìdí rẹ̀ ò fara sin. Àríyànjiyàn àtijọ́ nípa bóyá ó pọn dandan láti ju bọ́ǹbù náà tún gbérí. Ìhà ìjọba Amẹ́ríkà ìgbà náà ni pé Japan ò fẹ́ túúbá, àti pé tí àwọn sójà bá ní láti wọ ibẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1945 bí wọ́n ṣe pète rẹ̀, ẹ̀mí tó máa bá a lọ á pọ̀ jù. Àwọn tó ta kò wọ́n sọ pé Japan ti rọ tán, àti pé bí Soviet ṣe wọ ogun lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹjọ nìkan ti tó láti mú wọn juwọ́ sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gan-an ò fohùn ṣọ̀kan: ní oṣù Keje ọdún 1945, Szilard àti nǹkan bí 70 mìíràn fọwọ́ síwèé ẹ̀bẹ̀ sí Truman. Oppenheimer ò sí lára wọn. Òun àti àwọn mẹ́ta míì ti kọ̀wé ní oṣù Kẹfà pé àwọn ò rí ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí kí wọ́n lò ó lójú ogun.

Ní New Mexico, ìdílé àwọn tó ń gbé lágbègbè Trinity bínú. Kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún wọn ṣáájú, eérú bọ́ sórí omi àti ẹran ọ̀sìn wọn, òfin owó gbà-má-bínú tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1990 ò sì ka tiwọn mọ́ ọn títí di 2025. Wọ́n ní kò yẹ kí wọ́n wá ya fíìmù nílẹ̀ àwọn kí wọ́n má dárúkọ àwọn.

Èyí tó kan Áfíríkà ni kì í dùn lẹ́nu ẹnikẹ́ni láti sọ. Uranium tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, Kóńgò ló ti wá, láti ibi ìwakùsà Shinkolobwe ní Katanga, nígbà tí Bẹ́ljíọ̀mù ń jọba lé wọn lórí. Kùsà ibẹ̀ lágbára débi pé kò síbi tó tó o láyé nígbà náà. Edgar Sengier, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń wà á, ti kó èyí tó lé ní 1,000 tọ́ọ̀nù sá lọ sí Staten Island ní New York ní 1940, kí Jámánì má bàa rí i. Ibẹ̀ làwọn sójà Amẹ́ríkà ti rà á ní 1942. Àwọn ọmọ Kóńgò tó fọwọ́ wà á kò sí nínú ìwé ìtàn tó pọ̀.

Ṣé ó kan Nàìjíríà rárá?

Ó kàn wá ju bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe rò lọ. Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í dán bọ́ǹbù átọ́míìkì tiwọn wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Algeria, ní oṣù Kejì ọdún 1960. Ẹ̀rù ń ba àwọn èèyàn níbí pé ọyẹ́ tó ń fẹ́ wá láti ìhà ibẹ̀ lè gbé eérú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n bẹ Faransé, wọn ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n yin ẹ̀kẹta lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá, Nàìjíríà ò tíì pé oṣù mẹ́ta tó gba òmìnira. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1961, ìjọba Tafawa Balewa já okùn àjọṣe pẹ̀lú Faransé, wọ́n sì lé aṣojú wọn padà sílé. Àwọn àgbàlagbà tó ti tó gbọ́ rédíò nígbà náà lè rántí rẹ̀ dáadáa.

Nàìjíríà ò ní bọ́ǹbù, a ò sì ṣe é. Ohun tí a ní ni ẹ̀rọ ìwádìí átọ́míìkì kékeré kan ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, tí Ṣáínà bá wa ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Òun ni wọ́n fi ń yẹ ilẹ̀, kùsà àti oúnjẹ wò, tí wọ́n sì fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Uranium tó lágbára tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi kílò kan, ni wọ́n kó padà sí Ṣáínà ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n fi èyí tí kò ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù rọ́pò rẹ̀. Ní 2020, ní àyájọ́ Hiroshima gan-an, Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé tó fòfin de ohun ìjà átọ́míìkì.

Àwọn tó ti Ẹ̀pẹ́ lọ wò ó nígbà tó jáde ńkọ́?

IMAX tó sún mọ́ wa jù ni ti Filmhouse ní Lekki, èyí tí wọ́n ṣí ní 2016, tó jẹ́ àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Dìjítà ni, ojú rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ sì le. Wọ́n ní láti ṣírò owó ọkọ̀ mọ́ ọn, torí lítà epo bẹntiróòlù tó jẹ́ nǹkan bíi ₦190 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ti lé ní ₦550 l'Ékòó ní oṣù Keje ọdún 2023, àwọn onímọ́tò ojú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ ò sì dúró kí ẹnì kankan sọ fún wọn kí wọ́n tó fowó lé e.

Wákàtí mẹ́ta gbáko ni fíìmù náà. Ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn èèyàn tó jókòó nínú yàrá tí wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè. Amẹ́ríkà fi sí ìpele R, ìyẹn ni pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ò gbọ́dọ̀ dá wọlé láìsí òbí tàbí àgbà lẹ́yìn rẹ̀, torí náà kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó ọmọdé lọ lásìkò ìsinmi. Ẹni tó bá máa padà sùn sílé, ìfihàn ọ̀sán ló yẹ kó wá. Ti aago méje alẹ́ á ti lé ní aago mẹ́wàá kó tó tán, mọ́tò Ẹ̀pẹ́ kì í sì í pọ̀ ní Ajah nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.